Akẹtẹ̀ Adájọ́ Eré Ìje

Ẹnì kan ti fọ́ orí Ọ̀jẹ̀ládé láti ẹ̀yìn bí ẹni fọ́ èkùrọ́. Ọkùnrin náà dà sórí tábìlì nínú àtíbàbà àwọn adájọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì lẹ̀ mọ́ pákó, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì là sílẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì ń ṣọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń sáré. Ẹ̀jẹ̀ ti gba orí tábìlì kọjá, ó kán sórí ẹní, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ti ń mú un dì.

Inspẹ́kítọ̀ Ládòkun kúnlẹ̀, ó yọjú sí abẹ́ tábìlì. Ó ti kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní yunifásítì kí ó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ní Ṣakí a sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ejò bá bu ọ̀gá àwọn jẹ, yóò kọ́kọ́ bi ejò náà léèrè ìdí rẹ̀.

“Ọ̀gá, kí la tún ń wá?” Kọ́púrà Ràmọ́nì bi í láti ẹnu ọ̀nà. “Ràsáàkì ló pa á. Gbogbo ayé ló gbọ́ ọ nígbà tó ní òun yóò pa bàbá yìí.”

“Ẹni tó ní òun yóò pa ènìyàn àti ẹni tó pa ènìyàn, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n, Ràmọ́nì?”

“Nígbà mìíràn, sà.”

“Nígbà mìíràn yẹn ni wọ́n ń sanwó oṣù fún wa lé lórí.”

Òfin eré ìje ọkọ̀ tí wọ́n sá lẹ́yìn ìlú lọ́jọ́ náà kò díjú. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà sí píìtì, ìyẹn ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń pààrọ̀ táyà, lẹ́ẹ̀kan kí eré tó parí. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọdẹ tó dúró lórí àpáta yóò yìnbọn. Bí ìbọn bá ti dún, Pijó funfun kan tí wọ́n ń pè ní ọkọ̀ ààbò yóò bọ́ sójú ọ̀nà, gbogbo ọkọ̀ yóò tò sẹ́yìn rẹ̀, wọn yóò máa rọra rìn títí a ó fi palẹ̀ jàǹbá mọ́. Láti ìgbà tí táyà ọkọ̀ ààbò bá ti kan ọ̀nà ni píìtì ti di èèwọ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń pààrọ̀ táyà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rìn bí ìgbín ti rẹ́ wọn jẹ.

Lọ́jọ́ yìí, ọkọ̀ awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ojúọlápé dojú dé níbi ìyànà àpáta. Ìbọn dún. Ràsáàkì, ọmọ Ìsẹ́yìn, yà sí píìtì, ó pààrọ̀ táyà, ó sì jáde ṣíwájú gbogbo wọn. Kí wọ́n tó rí Ojúọlápé fà yọ, ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀ ní eré àsápajúdé kọlù ú, ó sì rún òun àti irin pọ̀. Ràsáàkì ló kọ́kọ́ dé òpin; ṣùgbọ́n Fámúrewá tó wa ọkọ̀ ààbò jẹ́rìí pé òun ti wà lójú ọ̀nà kí ọmọ náà tó yà. Ọ̀jẹ̀ládé gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́, ó gba ipò kìíní lọ́wọ́ Ràsáàkì, ó gbé e fún Ògúnbùnmi, ọmọ Ṣakí. Ràsáàkì gbá a lọ́rùn mú, ó ké pé òun yóò pa á. Ìjà bẹ́, igo ń fò, òkúta ń fò, àwọn ará Ìsẹ́yìn àti ará Ṣakí ń fi irin ọkọ̀ la ara wọn lórí. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, òkú adájọ́ ni wọ́n bá.

Ládòkun na ọwọ́ sábẹ́ etí ẹní, ó sì fa wíìlì-sípánà kan jáde, irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà. Irun orí lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

“Kí lo rí?”

“Ẹ̀jẹ̀, sà.”

“Àti kí ni?”

Ràmọ́nì tẹjú mọ́ ọn. “Epo pupa. Ìyẹn kò jọ mí lójú, sà. Àárọ̀ yìí ni àwọn mẹkáníìkì ta epo sí gbogbo irin wọn fún Ògún.”

“Epo àárọ̀, abẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó wà, eruku ọyẹ́ ì bá sì ti bò ó títí ọ̀sán. Èyí wà lórí ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dán. Ẹni tó pa ọkùnrin yìí dúró lẹ́yìn tó pa á tán, ó ta epo sí irin, kó tó fi pamọ́.”

“Ràsáàkì lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó lè tì í sórí àwọn tó ń bọ Ògún.”

“Ẹni tó fẹ́ tan ọlọ́pàá jẹ a máa gbé ẹ̀tàn sí gbangba. Èyí, mo fi orúnkún wọ́lẹ̀ kí n tó rí i.” Ládòkun fi bébà sìmẹ́ńtì wé irin náà. “Ọ̀rọ̀ epo yìí, èmi, ìwọ àti apààyàn la mọ̀ ọ́n. Má jẹ́ kí ẹnì kẹrin gbọ́.” Ó tún wo òkú náà. “Akẹtẹ̀ rẹ̀ dà?”

Kò sí ẹni tó tíì rí Ọ̀jẹ̀ládé láìdé akẹtẹ̀ koríko rẹ̀ rí. Àwọn ọmọdé Ṣakí gbà pé ó ń fi í sùn. Wọ́n wá inú àtíbàbà kiri, wọn kò rí i.

*

Òkúta ń rọ̀ sórí páànù àgọ́ ọlọ́pàá bí òjò yìnyín. Àwọn ọ̀dọ́ ti yí ilé náà ká, ẹnì kan nínú wọn ń yí táyà àlòkù níwájú rẹ̀, ẹlòmíràn gbé garawa bẹntiróòlù.

“Ẹ gbé e jáde fún wa!” ni wọ́n ń ké. “Ṣebí táyà ló fẹ́ràn? A ti rí òmíràn bá a! Ọrùn ni a ó ti bá a so ó!”

Díẹ̀ ni ọlọ́pàá tó wà nílé. Ọ̀gá àgọ́ ti sáré lọ sí Ìsẹ́yìn láti mú àfikún wá, Ládòkun sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn yìí kò ní dúró dè é. Bí òun kò bá rí apààyàn gan-an fà kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, wọn yóò sun ọmọ ọlọ́mọ láàyè.

Ràsáàkì jókòó sílẹ̀ nínú àhámọ́. Wọ́n ti lù ú títí ojú rẹ̀ kan fi dí, eyín iwájú rẹ̀ sì ti sọnù.

“Ṣé o pa á?”

“Rárá, sà. Mo fẹ́ pa á. N kò pa á.”

“Ibo lo wà nígbà ìjà?”

“Abẹ́ ọkọ̀ Dátísọ̀n mi. Wọ́n ń fi igo gún mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń yọ ọ̀yà nínú ihò.”

“Ta ló rí ọ?”

“Àwọn tó ń gún mi, sà. Ẹ lọ bi wọ́n, wọ́n wà níta.”

Ládòkun fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Nígbà tí o yà sí píìtì, ibo ni ọkọ̀ ààbò wà?”

“Ibi tó wà láti àárọ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí ẹ̀dá kankan nínú rẹ̀.”

“Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀? O sọ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́?”

“Mo fi Ọlọ́run búra fún un. Ó ní èké ni mí.” Ọmọ náà tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá fẹ́ wọlé, ẹ kọ́kọ́ yìnbọn pa mí. Ẹ má jẹ́ kí n jóná.”

*

Ọdẹ́tọ́lá, ọdẹ tó yìnbọn lórí àpáta, ni Ràmọ́nì mú wá tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn rí i tó jáde kúrò nínú àtíbàbà adájọ́ nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì rin gbérí ọdẹ tó wọ̀ gbindin. Ràmọ́nì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ létí: “Sà, oníṣẹ́ Ògún nìyí. Epo ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ nìyí.”

“Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ta ni?” Ládòkun bi í.

“Ti Ojúọlápé. Èmi ni mo wọ́ ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ jáde. Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ wẹ̀ kí n tó wá jẹ́rìí?”

“Kí ni ẹ lọ ṣe lọ́dọ̀ adájọ́?”

“Òun ló ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ Ìsẹ́yìn yẹn kò jẹ́ kí òun jókòó jẹ́ẹ́.” Bàbá náà nu ojú. “Ó bi mí pé nígbà tí ọkọ̀ kejì kọlu Ojúọlápé, ṣé mo ti rí Pijó funfun láti orí àpáta. Mo ní rárá. Mo yìnbọn, mo retí rẹ̀ títí, ọmọ yẹn ń ké lábẹ́ ọkọ̀, kò sí Pijó. Ẹ̀yìn tí ikú ti parí iṣẹ́ ló yọ.”

“Kí ló ṣe nígbà tó gbọ́?”

“Ó dìde, ó gba ọ̀nà ẹnu píìtì lọ. Mo fi í sílẹ̀.”

“Ó dé akẹtẹ̀ rẹ̀?”

“Ìgbà wo ni kì í dé e?”

Ládòkun yíjú sí Ràmọ́nì. “Ó dé akẹtẹ̀ lọ sí ẹnu píìtì, ó padà sínú àtíbàbà láìdé e. Gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.”

*

Ìjà ti sọ pápá náà di ojú ogun. Bàtà, fìlà, eyín àti igo fífọ́ wà nílẹ̀ káàkiri, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti tẹ gbogbo ilẹ̀ pípọ́n náà mọ́lẹ̀ tí kò sí ojú ipa ọkọ̀ kan tó kù. Ṣùgbọ́n ní ẹnu píìtì, lẹ́bàá àgbá oníyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n so okùn ìdènà mọ́, níbi tí ẹsẹ̀ kì í gbà, akẹtẹ̀ Ọ̀jẹ̀ládé dojú bolẹ̀. Wọ́n fi òkúta mẹ́ta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Bó bá jábọ́ ni,” Ládòkun wí, “kò ní fi òkúta tẹ ara rẹ̀. Ọ̀jẹ̀ládé fúnra rẹ̀ ló fi í bo nǹkan mọ́lẹ̀.”

Ó gbé e sókè. Láàárọ̀, wọ́n ti bu omi wọ́n ẹnu píìtì kí eruku má bàa fọ́ àwọn awakọ̀ lójú, ilẹ̀ náà sì ti gba ojú táyà bí ìgbà tí a fi èdìdì lu ìda. Ipa táyà tóóró onílà gbọọrọ kan ń wọlé lọ sí píìtì. Ipa táyà fífẹ̀ kan, tí ojú rẹ̀ rí wọ́lọwọ̀lọ bí ẹsẹ̀ alákàn, gba orí rẹ̀ kọjá síhà ọ̀nà, ó sì ti fọ́ àwọn ìlà tóóró náà.

Ràmọ́nì bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Tóóró yẹn, ti Dátísọ̀n ni. Fífẹ̀ yẹn, ti Pijó.”

“Èwo ló wà lókè?”

“Ti Pijó, sà.” Ojú rẹ̀ là. “Nígbà náà, ọmọ náà ti wọlé kí ọkọ̀ ààbò tó jáde! Kò rú òfin kankan! Ọ̀gá, Ògúnbùnmi nìyẹn. Òun ni ipò kìíní yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí adájọ́ bá yí ìdájọ́ padà.”

“Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ronú síwájú díẹ̀. Ibi àpáta jìnnà síbí. Ràsáàkì gbọ́ ìbọn lọ́hùn-ún, ó wakọ̀ dé ìhín, ó yà, ọkọ̀ ààbò kò tíì kúrò lójú kan. Ọkọ̀ tó wá pa Ojúọlápé kọjá níwájú píìtì yìí lẹ́yìn ìbọn, kò sì sí ẹni tó dá a dúró. Gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ta ló borí ni adájọ́ ń yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ta ló pa Ojúọlápé ló kàn nínú amọ̀ yìí.”

“Fámúrewá?”

“Tàbí Ògúnbùnmi, tàbí ọdẹ tó sọ ìtàn náà fún wa. Ìdí tí ènìyàn fi lè pààyàn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó pa á. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo nílò ohun tí àwọn tó wà níta pẹ̀lú bẹntiróòlù yóò gbà láìjiyàn.”

*

Ó pe àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àgọ́, ó sì ń mú wọn wọ yàrá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bébà sìmẹ́ńtì wà lórí tábìlì, ojú ẹ̀jẹ̀ ti yọ lára rẹ̀.

“Bàbá, irin tó pa Ọ̀jẹ̀ládé nìyí,” ó wí fún Ọdẹ́tọ́lá. “Ẹ bá mi gbé e sí yàrá kejì.”

Ọdẹ náà fò sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. “Èmi? Irin tó mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tí a kò tíì fi epo rọ̀ lójú? Inspẹ́kítọ̀, ṣé ìwé ló ń dà yín láàmú ni? Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ mú ejò láàyè, ó sàn.”

Ògúnbùnmi, awakọ̀ tí wọ́n fi joyè olúborí, wọlé. Òun náà kò fọwọ́ kàn án. “Ẹ bu epo sí i ná, sà, lẹ́yìn náà màá gbé e dé Ìbàdàn fún yín. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí. Irin tí inú rẹ̀ ṣì gbóná bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbé e ló máa gbé ikú lé.”

Fámúrewá ló wọlé kẹ́yìn. Àgbà mẹkáníìkì ni, olórí àwọn tó ń bọ Ògún láàárín gbogbo oníṣẹ́ ọkọ̀ Ṣakí. Ó ti na ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan nílùkulù rí nítorí pé ó dá òòlù kọjá.

“Bàbá Dúróríkẹ́,” Ládòkun kí i pẹ̀lú orúkọ ọmọ rẹ̀, “ẹ jọ̀ọ́, irin tí wọ́n fi pa Ọ̀jẹ̀ládé ló wà nínú bébà yẹn. Ẹ bá mi gbé e sí yàrá kejì.”

Fámúrewá gbé e bí ẹni gbé iṣu, ó fi há abíyá, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ dúró, bàbá. Ẹ̀rù kò bà yín?”

“Ẹ̀rù kí ni?”

“Ti irin. Ọdẹ́tọ́lá sá fún un. Ògúnbùnmi, tó lágídí ju màlúù lọ, sá fún un. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wọn ní èèwọ̀ Ògún, ẹ fi há abíyá. Mo ti wo ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ọ̀nà méjì péré ni mo rí: bóyá ẹ kò gba Ògún gbọ́ mọ́, tàbí ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ta epo sí irin yìí. Ẹ ò sì lè mọ̀ ọ́n, bàbá, àfi bó bá jẹ́ ọwọ́ yín ló ta á.”

Ní ìta, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtì igi gún ilẹ̀kùn.

Fámúrewá fa bébà ya. Irin náà fò sókè, ó sì balẹ̀ sí èjìká Ládòkun. Ó gbọ́ bí egungun rẹ̀ ṣe dún bí igi gbígbẹ. Ràmọ́nì já wọlé, irin gbà á lójú apá, apá náà sì ká sódì. Fámúrewá gbé e sókè lẹ́ẹ̀kẹta sí agbárí Inspẹ́kítọ̀ tó ti ṣubú. Ọdẹ́tọ́lá ló sáré wọlé, tó fi ìdí ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ gbá a ní ìpàkọ́ láti ẹ̀yìn. Ó wó lulẹ̀, irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sí ẹnu ọ̀nà àhámọ́, ó sì dábùú ibẹ̀.

“Nítorí ipò kìíní?” Ọdẹ́tọ́lá ń mí hẹlẹhẹlẹ. “O pa Ọ̀jẹ̀ládé nítorí eré ìje?”

“Eré wo?” Fámúrewá dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. “Abẹ́ igi ọdán ni mo wà, à ń mu ẹmu tó ṣẹ́kù nínú ìbọ àárọ̀. Mo gbọ́ ìbọn rẹ. Mo gbọ́ ọ! Wọ́n ń dáná sungbó lápá ọ̀hún, àwọn ọdẹ ń yìnbọn sí ọ̀yà láti òwúrọ̀. Mo ní, ‘Ọ̀yà kan tún ti lọ nìyẹn.’ Mo ń mu ẹmu mi lọ. Ọmọ tó ń kú lọ́hùn-ún, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Mo kọ́ Ojúọlápé bí wọ́n ti ń di nọ́ọ̀tì mú.” Ó gbá orí mọ́lẹ̀. “Ọ̀jẹ̀ládé ní kí n wá sọ ọ́ lójú ìyá ọmọ náà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀yìn sí mi, ó ní àfi kí n sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Irin wà lọ́wọ́ mi.”

Ilẹ̀kùn ìta ya. Ládòkun dìde pẹ̀lú apá kan, ó gbé akẹtẹ̀ lé Ọdẹ́tọ́lá lọ́wọ́. “Wọn kò ní gbọ́ tèmi. Ẹ lọ sọ ohun tí ẹ rí fún wọn, bàbá. Kí ẹ sì sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí, kódà apààyàn, òun náà ti di apààyàn nìyẹn.”

Wọ́n gbọ́ ohùn ọdẹ náà níta, ó ń lọ sókè sódò. Igbe rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ bí táyà ṣe dojú dé sórí òkúta.

Ládòkun ṣí àhámọ́. Ràsáàkì ń bọ̀ níta, Fámúrewá ń wọlé lọ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, irin náà sì dábùú láàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ tútù àwọn ọlọ́pàá wà lórí epo ọ̀sán rẹ̀. Ràsáàkì wò ó fìrí, ó gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó sì ń tiro lọ síbi ìmọ́lẹ̀.

Fámúrewá dúró. Ràmọ́nì fi ọwọ́ tó ṣẹ́kù tì í, kò mi.

“Ó tún ti mu ẹ̀jẹ̀,” bàbá náà wí jẹ́ẹ́. “Ẹ dákun, ẹ bá mi ta epo sí i kí n tó kọjá.”